Ọkọ̀ Tó Ń Rìn Bí Akàn

Kí ọkọ̀ lọ síwájú, mo mọ̀ ọ́n.
Kó padà sẹ́yìn, mo ti rí i.
Ṣùgbọ́n kí ọkọ̀ dúró lójú kan,
kó wá máa fẹ̀gbẹ́ rìn lọ bá èbúté
bí akàn tó rí ihò rẹ̀,
ìyẹn, mi ò rí i rí
àfi lọ́jọ́ Àbámẹ́ta tó kọjá, ní Láfẹ́nwá.

Ẹniafẹ́ Ṣóyọmbọ̀ ló kan ọkọ̀ náà.
Kì í ṣe ọkọ̀ akẹ́rù, kì í ṣe ọkọ̀ apẹja;
ọkọ̀ ìgbafẹ́ ni, oníjòókòó mẹ́fà,
tìmùtìmù aláwọ̀ ọsàn,
tapólì lókè nítorí oòrùn.
Kò fi gírámà dà mí láàmú.
Ó bọ́ bàtà, ó wọ odò dé orókún,
ó ní, "Ẹ wo ìsàlẹ̀ níbí."
Ẹsẹ̀ irin kan ló rọ̀ sábẹ́ ọkọ̀,
abẹ̀bẹ̀ alápá mẹ́ta lẹ́nu rẹ̀.
Ọmọṣẹ́ rẹ̀ fọwọ́ kan ọ̀pá kan lókè
tí kò ju ṣíbí ìrokà lọ:
ẹsẹ̀ irin kọjú sí Ìbarà,
ó kọjú sí Àró,
ó yí po bí ọrùn òwìwí.

"Ẹ́ńjìnnì àtijọ́," ó ní, "títì nìkan ló mọ̀;
ìtọ́kọ̀ ní í bá a wá ọ̀nà.
Èyí, ohun tó ń tì ọ́ náà ló ń tọ́ ọ."

Gbólóhùn yẹn wọ̀ mí lára,
nítorí èèyàn méjì ni ọkọ̀ ilé wa ń lò:
bàbá mi níwájú, àjẹ̀ lọ́wọ́, òógùn lẹ́yìn ọrùn;
ìyá mi nídìí ọkọ̀, àjẹ̀ kékeré lábíyá.
Bàbá kì í bojú wẹ̀yìn.
Bó bá fẹ́ yà, á kàn húkọ́.
Ikọ́ kan, apá ọ̀tún. Ikọ́ méjì, apá òsì.
Ogún ọdún ni wọ́n fi kó èèyàn sọdá Odò Ògùn
láìbára sọ̀rọ̀.

Lọ́dún tí omi ya wọ ìsàlẹ̀ Láfẹ́nwá,
ó fi ẹ̀gbẹ́ ọkọ̀ wa lu òpó afárá rélùwéè.
Bàbá húkọ́ títí.
Ìyá mi wa àjẹ̀ títí.
Ọkọ̀ onígi ò mọ ẹ̀gbẹ́ rìn.
Àpá rẹ̀ rèé lórókún mi.
Bàbá, omi ò dá wọn padà.

Èmi ni mo bẹ Ẹniafẹ́ pé ká gbé Màmá.
Ọdún méjìlélọ́gọ́rin; wọn ò fẹsẹ̀ kan odò látìgbà náà.
Wọ́n yẹ ẹ̀rọ wò bí ẹni tó fẹ́ ra ewúrẹ́.
"Ṣé ó ń mu epo?"
Bátìrì ni, Màmá.
"Ṣé kì í sùn?"

Ọkọ̀ gbéra. Kò pariwo,
à ń gbọ́ ìyẹ́ lékelèké.
Ìgbà tó yá, ọ̀rá piọ́wọ́tà lọ́ mọ́ abẹ̀bẹ̀,
ọkọ̀ dákẹ́. Ẹ̀rín fẹ́ bọ́ lẹ́nu mi.
Ẹniafẹ́ gbé ẹsẹ̀ irin sókè, ó já ọ̀rá dànù:
"Ṣé òṣíbàtà ò lọ́ mọ́ àjẹ̀ bàbá yín rí?"
Mo panu mọ́.

Nígbà tí òpó afárá yọ, Màmá bojú wẹ̀yìn.
"Ta ló wà nídìí ọkọ̀?"
"Kò sẹ́nìkan, Màmá. Kò nílò ẹnìkan níbẹ̀ mọ́."
Wọ́n dìde. Ẹniafẹ́ ní, "Ẹ jókòó, ẹ jọ̀ọ́!"
Wọ́n di etí ọkọ̀ mú, wọ́n lọ jókòó sẹ́yìn pátápátá,
wọ́n na ọwọ́ sórí omi, ọwọ́ òfìfo,
wọ́n ń retí.

Mo húkọ́ lẹ́ẹ̀kan.
Ọkọ̀ fẹ̀gbẹ́ yẹ òpó sílẹ̀, sápá ọ̀tún, jẹ́jẹ́.
Ẹniafẹ́ ní òun lòun fọwọ́ kan ọ̀pá.
Mo ní mo gbọ́.